Ó ń tan ní ṣọ́ọ̀bù, kò tan nílé: oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjì tí mo gbéṣẹ́ fún ní Ìlọrin

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni tó máa bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìlọrin, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n bá fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sí tiyín tí kò wá tan mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún yín. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni mo lọ. Ti àkọ́kọ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí mi ò fẹ́ ba oúnjẹ ẹnikẹ́ni jẹ́. Tìtorí ti ìkejì ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Òkè-Odò ní Tanke ni mo wà, lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ń gbà lọ gbà bọ̀. Mò ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún wọn, mo sì ń tẹ ìwé ìpè wòlímà fún àwọn àfáà, apá kan Lárúbáwá, apá kan Yorùbá pẹ̀lú àmì orí ẹ̀ pé pérépéré. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo fi ń ṣe é ti dàgbà díẹ̀. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, Windows 7 ló bá a dé, ìlú wa níbí ni wọ́n ti gbé e dé Windows 10 fún mi. RAM ẹ̀ jẹ́ 4GB, háàdì dísìkì ẹ̀ 500GB. Kò ní bátìrì tí ń gba iná pamọ́ bíi ti láptọ́ọ̀pù. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ó kú nìyẹn, àfi kí n lọ fa jẹnẹrétọ̀.

Ohun méjì ló mú mi kúrò lórí Windows. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan tí àgbà ẹ̀rọ tèmi kò ní. Ṣùgbọ́n èkejì ló ń dùn mí jù, òun ni fáírọ́ọ̀sì. Fílàṣì ogún lè wọ kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tí ń sọ fódà di ṣọ́tíkọ́ọ̀tì yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi á ti fojú winá ẹ̀. Oníbàárà á kì í bọ̀ ọ́, fódà ẹ̀ á pòórá lójú ẹ̀, á sì máa wò mí bíi pé èmi ni mo jí i. Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn ló ní kí n fi Linux Mint, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, rọ́pò. Ó ní Windows ni wọ́n kọ àwọn fáírọ́ọ̀sì yẹn fún, pé tí wọ́n bá dé orí Linux, wọn ò ní ríbi gbà. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, RAM 4GB á gbé e, àti pé Mint 22 tó jáde ní 2024 á máa rí àtúnṣe gbà títí di 2029. Mo gbà á gbọ́.

Mo gbé CPU, àpótí kọ̀ǹpútà náà gan-an, lọ sí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ibẹ̀ rẹwà. Gíláàsì ló wà níwájú, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ wọ aṣọ kan náà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n gbà. Kò tó wákàtí kan tí ọ̀kan nínú wọn fi parí ẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi: àmì Mint yọ, tábìlì ẹ̀ yọ, mo tẹ orúkọ mi pẹ̀lú àmì ohùn, gbogbo ẹ̀ gún régé. Inú mi dùn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo gbé CPU lé itan bí ọmọ, mo di Tanke.

Mo so wáyà mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà ọ̀rọ̀ kan jáde tó ní kí n tẹ F1. Ìyẹn ò jẹ́ tuntun sí mi, ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó bá dé ló máa ń sọ ọ́, mo kàn máa ń tẹ F1 ni, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ F1. Síkíríìnì ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ gàdàgbà pé: No bootable device, ìyẹn ni pé kò rí dísìkì tó lè fi tan.

Mo gbé e padà lọ́jọ́ kejì. Ọmọkùnrin yẹn ní, "Mọ́mì, kò wọlé dáadáa ni." Ó fọ́ọ̀màtì ẹ̀, ìyẹn ni pé ó pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́, ó tún un fi sí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó tan níbẹ̀, mo gbé e délé, kò tan. Mo gbé e padà lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n ní iná ilé mi ló ń ṣe é, kí n lọ ra sítébíláísà. Wọ́n tún un fi sí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó tan níbẹ̀. Mo délé, kò tan. Nígbà tí mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù ní háàdì dísìkì ló ń kú lọ, kí n mú owó tuntun wá, tàbí kí wọ́n dá Windows padà sí i torí "Linux ò bá irú ẹ̀rọ yìí lọ".

Owó yẹn kọ́ ló pa mí lára jù. Láàárín ìgbà àkọ́kọ́ sí ìkejì, mo yá ẹ̀rọ aládùúgbò mi kan lò láti tan háàdì dísìkì náà, mo da àwọn fáìlì mi padà sórí ẹ̀, mo sì sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé iṣẹ́ wà lórí ẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó fọ́ọ̀màtì ẹ̀ láìbi mí. Orí mẹ́rin iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ kan tó ń kọ́ èdè Yorùbá lọ síbẹ̀, iṣẹ́ lórí ewì, àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Òru mẹ́rin ni mo fi tún un tẹ̀ láti inú ìwé tó fọwọ́ kọ. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, mo sì tún bẹ̀ ẹ́.

Àfáà kan tí mò ń tẹ Lárúbáwá fún ló gbọ́ ohùn mi lórí fóònù tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Ó ní ọmọ kan tó jáde nílé kéú àwọn ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pákátà, kí n lọ bá a, kí n sọ pé òun ló rán mi.

Ẹ ò ní rí pátákó kankan níbẹ̀. Yàrá kan ni, lẹ́yìn mọ́sálásí, ìyá oníwàrà kan ló jókòó síwájú ẹ̀. Tábìlì pákó kan, láptọ́ọ̀pù bíi mẹ́jọ tí wọ́n lẹ bébà orúkọ mọ́ lórí, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan níta. Ọmọkùnrin náà kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n Àfáà ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà sì pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Kò fọwọ́ kan CPU rárá. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀.

Ó bi mí pé ìgbà wo ló tan kẹ́yìn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni. Ó ní ìgbà mélòó. Mo ní mẹ́ta. Ó ní ṣé nílé mi, ó ti tan rí lẹ́yìn tí wọ́n fi Linux sí i? Mo ní rárá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tan rí. Ó wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: "Ìyá Ìbejì, aago orí ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń bá ọjọ́ mu?"

Mo ní kò bá ọjọ́ mu mọ́ láti bí oṣù mẹ́fà. Láyé ìgbà tó wà lórí Windows, àràárọ̀ ni mò ń tún déètì ṣe, torí tí mi ò bá tún un ṣe, ó máa ń gbé mi padà sí 2011, íntánẹ́ẹ̀tì á sì máa sọ pé ojú ìwé tí mo fẹ́ ṣí kò ní ààbò.

Ó mi orí. Ó so wáyà mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi F1, ó gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè pé kí n dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka wàláà: "CMOS. Checksum. Error." Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń tẹ F1 kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ náà tẹ̀ ẹ́ kọjá níṣojú mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó wọnú BIOS, ètò kékeré tó ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2011 ló wà níbẹ̀. Ó yí lọ sí ibi tí wọ́n kọ Boot Mode sí, Legacy ló wà níbẹ̀. Ó yí i sí UEFI, ó fi í pamọ́, ó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ gbọ́, kò fi fílàṣì kankan sí i, kò fọ́ọ̀màtì nǹkan kan. Àmì Mint yọ. Tábìlì mi yọ. Mo pariwo débi pé ìyá oníwàrà yọjú wò wá.

Ó ní kí n farabalẹ̀, pé kò tíì tán. Ó pa á, ó fa wáyà iná yọ lára ẹ̀ pátápátá, ó ní òun ń lọ kírun Àìlà. Mo ra wàrà, mo jókòó tì í, mò ń wo wáyà tó wà nílẹ̀. Nígbà tó dé, ó tún un so, ó tẹ̀ ẹ́ níṣojú mi. F1. Ọdún 2011. Legacy. No bootable device.

Ohun tó ń ṣe mí nílé ló ṣẹlẹ̀ síwájú ẹ̀ yẹn. Nǹkan tí mo sì ń fi ń yìn ín nìyí: ó dúró kí àìsàn náà fara hàn án kó tó tọ́jú ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, wọ́n rí i pé ó tan, wọ́n gba owó. Kò sẹ́ni tó fa wáyà yọ kó tún un so pọ̀ wò.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó la ọ̀rọ̀ náà yé mi, ó sì là á. Ó ní tí a bá tẹ kọ̀ǹpútà, Linux tàbí Windows kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jí. BIOS yẹn, ètò kékeré tó wà lára páńẹ́lì inú ẹ̀, ló ń kọ́kọ́ dìde, òun ló sì máa lọ wá ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún. Ọ̀nà méjì ló mọ̀. Ti àtijọ́ ni Legacy: á lọ ka ibi ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì, báìtì 512 péré, á máa wá ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ti ìgbàlódé ni UEFI: á lọ sínú ìpín kékeré kan lórí dísìkì, FAT32 ni ìpín náà, á wá fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .efi. Ibẹ̀ ni GRUB wà, GRUB ló ń jí Linux.

Ó ní, "Ilé kan náà ni, ẹnu ọ̀nà méjì. Àlejò yín wà nínú ilé, iwájú ló jókòó sí. Ẹ̀rọ yìí ló lọ ń kanlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kò gbọ́ ohùn ẹnì kankan, ló bá ní kò séèyàn nílé."

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe mọ́ ọn nìyẹn, ó máa ń wọnú BIOS kó yí i sí UEFI kó tó fi fílàṣì sí i. Linux wá wọlé gba ẹnu ọ̀nà UEFI. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà lára ẹ̀, BIOS rántí. Bí mo bá ti fa wáyà yọ láti gbé e relé, ó gbàgbé, ó padà sí Legacy tí wọ́n ṣe é mọ́ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ohun tó dáàbò bo Windows mi náà nìyẹn, torí láti ayé Windows 7 ni wọ́n ti fi í sí i lọ́nà àtijọ́. Bí BIOS bá gbàgbé, ẹ̀yìnkùlé náà ló ń padà sí, ibẹ̀ sì ni Windows wà. Mo wá rí ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń di ẹrù náà lé Linux lórí. Mo sì bi ara mi pé nígbà tí ọmọ yẹn wọnú BIOS lẹ́ẹ̀kejì, tó bá Legacy níbẹ̀, ṣé kò rántí pé òun ti yí i sí UEFI lánàá ni? Tó bá bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn, orí mẹ́rin iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ kò bá má parẹ́.

Àfáà mú súkúdiráfà, ó tú ẹ̀gbẹ́ CPU. Eruku tó wà níbẹ̀ tó gbìn ẹ̀gẹ́. Ó fẹ́ ẹ, ó wá fi nǹkan kan hàn mí lára páńẹ́lì ẹ̀, rìbìtì, ó pẹlẹbẹ, ó ń dán bí owó ẹyọ. Bátìrì ni. CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ní 20 yẹn ni bó ṣe fẹ̀ tó, mìlímítà 20, 32 sì ni nínípọn ẹ̀, mìlímítà 3.2. Agbára iná fóòtì (volt) 3 ló yẹ kó ní. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà tọ́jú aago àti ètò inú BIOS nígbà tí iná bá lọ; ibi tí wọ́n ń tọ́jú wọn sí ni CMOS tí ìlà ọ̀rọ̀ yẹn ń pariwo ẹ̀. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n, ó sì yí ojú mítà sọ́dọ̀ mi: 1.4. Ó fi èékánná tẹ irin kékeré tó dì í mú, ó fò jáde. Ó mú tuntun láti inú páálí, ó wọ̀n ọ́n níṣojú mi kó tó fi sí i: 3.2. Ó tò ó, ó tún déètì ṣe, ó yí i sí UEFI, ó fi í pamọ́. Mint yọ. Ó pa á, ó fa wáyà yọ, ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la máa fi dúró.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, mo kọ́ ohun tí mi ò lè kọ́ fúnra mi lọ́dún kan. Kò yé ṣiṣẹ́ lórí tàwọn ẹlòmíì, mo sì ń bi í léèrè. Láptọ́ọ̀pù agùnbánirọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àmì Mint á yọ, síkíríìnì á sì dúdú títí láé. Ó ní ti ẹni yẹn, ẹnu ọ̀nà kọ́ ni wàhálà ẹ̀, Linux ti wọlé, àwòrán ni kò lè gbé jáde torí káàdì Nvidia tó wà lára ẹ̀. Nígbà tí GRUB jáde, ó tẹ lẹ́tà e, ó wá ìlà tí wọ́n kọ quiet splash sí, ó fi nomodeset kún un, ó tẹ F10. Síkíríìnì mọ́lẹ̀. Ó wá lọ sí Driver Manager láti gba ti Nvidia gan-an sílẹ̀, torí nomodeset yẹn, fún ìgbà díẹ̀ ni.

Èyí tó tẹ̀ lé e, grub rescue> ló kọ sójú. Ọmọ tó ni ín ní Windows àti Linux lórí ẹ̀, ó wá pa ìpín kan rẹ́ láti inú Windows kí àyè lè fẹ̀. Àfáà ní GRUB jí, ṣùgbọ́n kò rí fódà ara ẹ̀ mọ́. Ó tẹ ls, àwọn ìpín jáde nínú àkámọ́, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi rí èyí tí /boot/grub wà nínú ẹ̀. Ó tẹ set root àti set prefix láti júwe ibẹ̀ fún un, ó tẹ insmod normal, ó tẹ normal. Ó dìde. Nígbà tó dìde tán ló wá ṣe grub-install àti update-grub nínú tẹ́mínà, pé tí òun ò bá ṣe ìyẹn, á tún gbàgbé lọ́la.

Mo bi í pé ká ní bátìrì mi dára ńkọ́, tó sì tún ń sọ pé No bootable device? Ó ní á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fílàṣì Mint, á gba orí ẹ̀ wọlé, á tẹ ls /sys/firmware/efi. Tí fódà yẹn bá wà, ọ̀nà UEFI lòun gbà wọlé. Tí kò bá sí, ti àtijọ́ ni. Á fi lsblk -f wo àwọn ìpín tó wà lórí dísìkì, bóyá FAT32 kékeré yẹn wà níbẹ̀. Tó bá wà, efibootmgr á sọ fún un bóyá orúkọ Linux wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ó ní àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọn kì í ka àkọsílẹ̀ yẹn sí, ọ̀nà Windows nìkan lojú wọn mọ̀, àti ọ̀nà kan tó jẹ́ ti gbogbo gbòò, EFI/BOOT/BOOTX64.EFI. Fún irú ìyẹn, á fi --removable kún grub-install kí GRUB lè jókòó síbi tí ẹ̀rọ náà máa bá a. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan fún mi, mo ṣì ní in lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ kan tó tún mẹ́nu ṣáá ni pé kò sí èyíkéyìí nínú gbogbo ìwọ̀nyí tó gba kéèyàn fọ́ọ̀màtì.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé. Ó so wáyà. Kò béèrè F1. Mint yọ, aago ẹ̀ bá ti ọwọ́ mi mu.

Ẹgbẹ̀ta náírà ni bátìrì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún kan lé e, kò gbà á, ó ní kí n fi ra wàrà fún àwọn ìbejì.

Kí n sọ ibi tó kù sí náà. Kì í kọ rìsíìtì àyàfi tí ẹ bá béèrè. Kì í gbé fóònù tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ lè pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Èrò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, èèyàn á dúró pẹ́, àga méjì péré ló sì wà níbẹ̀. Mo rí i tó dá láptọ́ọ̀pù kan padà pé iṣẹ́ yẹn ju ti òun lọ, síkíríìnì ẹ̀ ló fọ́, kí ẹni náà gbé e lọ sí òpópónà Tàíwò. Ìyẹn tiẹ̀ tún jẹ́ kí n fọkàn tán an sí i. Kò sì fi ọ̀rọ̀ bọ epo fún mi: ó bi mí pé kí ló dé tí iṣẹ́ oníbàárà fi wà lójú kan ṣoṣo. Mo ti ra háàdì dísìkì alágbèéká kan báyìí. Ó bá mi to Timeshift sórí Mint fún ètò ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún mi pé ìyẹn kì í tọ́jú fáìlì mi, pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí n máa da fáìlì tèmi sórí dísìkì náà.

Ní ti Mint fúnra ẹ̀, oṣù méjì rèé tí mo ti ń lò ó. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú ètò ẹ̀, mi ò ra nǹkan kan, mi ò gba nǹkan kan sílẹ̀. Mo fi Lárúbáwá tì í, mò ń yí láàárín méjèèjì. LibreOffice ń kọ Lárúbáwá láti ọ̀tún wá sí òsì bó ṣe yẹ. Ibi tó ti ń dùn mí díẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí oníbàárà bá fi Microsoft Word tò, tí àtẹ pọ̀ nínú ẹ̀, ó lè yẹ̀ díẹ̀ tí mo bá ṣí i, mo ní láti tún ààlà ẹ̀ fà. Fílàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń gbé ṣọ́tíkọ́ọ̀tì wọn wá. Mò ń rí àwọn fáìlì burúkú náà lórí ẹ̀ báyìí, wọ́n sùn síbẹ̀ bí òkú ejò, mò ń yàn wọ́n, mò ń pa wọ́n rẹ́, oníbàárà á gba fílàṣì ẹ̀ padà ní mímọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ bá Àfáà, ẹ béèrè ọmọkùnrin oní-kọ̀ǹpútà lẹ́yìn mọ́sálásí lọ́wọ́ àwọn oníwàrà Pákátà. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kó tó di aago mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn láti aago méjìlá, kì í sì í ṣí i mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, CPU nìkan ni kí ẹ gbé lọ, ó ní síkíríìnì àti kíbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀. Kí ẹ sì ya fọ́tò ohun tó bá kọ sójú síkíríìnì nílé kí ẹ tó kúrò, torí ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín nìyẹn.